Mo Kọ Orúkọ Bàbá Mi Sábẹ́ Fọ́tò Ẹlòmíràn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi, n kò sá fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mọ́kànlá nínú mi, ó sì ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà.

Eneida Hodge ni orúkọ mi. Ìlú San Pedro, lórí erékùṣù kan nísàlẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí mi sí, níbi tí odò ti pàdé òkun, níbi tí ọmọkùnrin kì í tíì mọ ìrìn tán tí wọ́n á ti fi igi bésíbọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún yàrá ṣe ní Òtẹ́ẹ̀lì Albertina, èyí tó dojú kọ èbúté.

Ẹni tó bá wọ Albertina, fọ́tò ni yóò kọ́kọ́ rí. Ògiri gbọ̀ngàn kún fún wọn dé òkè: gbogbo ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tó ti sùn síbẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń tò wá kó ṣúgà. Àwọn eléré aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, tí wọn kì í gbà sí òtẹ́ẹ̀lì nílùú tiwọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń dé sí.

Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní ẹgbẹ́ tiwọn nígbà náà, àwọn agbẹ́rù, àwọn agbóúnjẹ, àwọn afọṣọ. Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n bá àwọn àlejò ará Amẹ́ríkà ṣeré. Àlejò rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù, ìpele mẹ́sàn-án tí eré náà ní sì parí láìjẹ́ pé àlejò kankan rí ayò kan jẹ. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti gbé ẹsẹ̀ sókè, tó na apá sẹ́yìn, tí fìlà bo ojú rẹ̀ dé ètè. Wọn kò kọ orúkọ kankan sábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ orúkọ náà. Bàbá mi, Wilfrid Hodge, tó fi ogójì ọdún gbé ẹrù àlejò gun àtẹ̀gùn Albertina, ló sọ ọ́ fún mi lórí ibùsùn àìsàn tó pa á.

"Silvano ni," ni bàbá mi wí, "Silvano Mercedes tó ń fọ abọ́ nílé ìdáná. Èmi ni mo lóṣòó gba gbogbo bọ́ọ̀lù tó jù lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí mo wà, kámẹ́rà ò débẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé e. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbèjà mi pé n kò mọ̀. Mo mọ̀.

Silvano ṣì wà láyé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó ń tún bàtà ṣe nínú yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nidia, wà ní ilé ìfọṣọ Albertina, ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ kékeré kọ́. Èmi ni ìyá ìrìbọmi Yesenia, ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ mi bá ẹlòmíràn lọ sí Puerto Rico, ilé Nidia ni mo sùn fún oṣù mẹ́ta.

Nidia kò mọ̀ pé bàbá òun ló wà nínú fọ́tò. Bàbá Silvano, bí gbogbo wa ṣe ń pe àgbà náà, kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Tí ẹ bá bi í nípa bésíbọ́ọ̀lù, á ní, "A ṣe é díẹ̀," á sì tún gbá ìṣó mọ́ bàtà.

Lọ́dún náà, àwọn kan láti òkè òkun ra òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n fi máníjà tuntun síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Batlle, ọkùnrin tóhùn rẹ̀ tutù bí omi ìkòkò. Wọ́n kun ilé. Wọ́n gba àwọn ọmọge síṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Friday, wọ́n á pe orúkọ obìnrin kan sí ọ́fíìsì, obìnrin náà á sì gbé báàgì rẹ̀ jáde láìwo ẹ̀yìn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. Orúnkún mi ti ń dùn mí. Mò ń ka Friday bí ẹni ń ka ọjọ́ ìdájọ́.

Ọjọ́ Wednesday kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti olú ìlú, Yamil Corniel, onímọ̀ ìtàn. Wọ́n fẹ́ sọ Albertina di ilé ìrántí fún bésíbọ́ọ̀lù ìlú wa. Wọ́n fẹ́ kan pátákó idẹ mọ́ ara ògiri ìta, kí wọ́n sì kọ orúkọ ajubọ́ọ̀lù yẹn sí i. Mò ń yí òdòdó inú ìkòkò padà ní gbọ̀ngàn nígbà tí òun àti máníjà dúró tì mí.

"Màmá, ẹ ti pẹ́ níbí," Yamil wí. "Ṣé ẹ mọ ẹni yìí?"

Kí n tó dáhùn, máníjà fi tiẹ̀ kún un. "Tí a bá rí ìdílé rẹ̀, a máa fẹ́ kí ẹnìkan nínú wọn máa wà níbí, kó máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, Silvano ló wà lẹ́nu mi. Ahọ́n mi ti kan eyín fún un. Ṣùgbọ́n mo rántí Friday. Mo rántí bàbá mi, bí èjìká rẹ̀ kan ṣe rẹlẹ̀ ju èkejì lọ títí wọ́n fi tẹ́ ẹ sínú pósí, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára ògiri kankan láyé yìí.

"Bàbá mi ni," mo wí.

Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Yamil di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Omi lé sójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìròyìn ti dé ilé ìfọṣọ. Nidia sáré jáde, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀, ó dì mọ́ mi.

"Ìwọ obìnrin yìí, ọ̀dájú ni ẹ́," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ̀n ọdún la fi ń jẹun nínú abọ́ kan, o fi irú èyí pa mọ́ fún mi?"

"Bàbá mi ní kí n má sọ ọ́," mo wí. Irọ́ kejì nìyẹn. Ó tètè jáde ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, à ń jẹ ìrẹsì alẹ́wà, Nidia ní, "Mo ròyìn ẹ fún bàbá mi lálẹ́ àná. Wọ́n wá ní, 'Wilfrid? Ó dáa. Ó tọ́ sí Wilfrid.' Wọ́n sì ń bá bàtà rírán wọn lọ."

Mo gbé abọ́ ìrẹsì mi kalẹ̀.

Wọ́n rán aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run fún mi. Wọ́n gba ọ̀pá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dúró sábẹ́ fọ́tò, kí n máa sọ ìtàn. Ìtàn ọ̀hún sì ń dùn lẹ́nu mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Mo ní bàbá mi máa ń sọ ọsàn lu igi àgbọn láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ọ̀gá àwọn àlejò bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn lọ sí Amẹ́ríkà, ó ní òun kò lè fi ìyá òun sílẹ̀. N kò mọ ibi tí mo ti ń rí wọn. Àwọn ọmọ ilé ìwé á wá fọwọ́ kan apá mi, bí ẹni pé ẹ̀bùn bàbá mi lè ràn wọ́n.

Níjọ́ Friday kan ní oṣù September, wọ́n pe Nidia.

Wọ́n fẹ́ gbé aṣọ fífọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan níta. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ. Ó wá bá mi ní gbọ̀ngàn, kò sunkún, ó kàn ń fi ọwọ́ na ápírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Bá mi bá Batlle sọ̀rọ̀," ó wí. "Ó ń gbọ́ tìẹ báyìí. Mi ò ní kó fi mí sílé ìfọṣọ dandan. Kó fi mí síbikíbi."

"Màá bá a sọ̀rọ̀," mo wí.

N kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí òun ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí pé Batlle máa kọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa gbà. Tí Nidia bá wà nítòsí fọ́tò yẹn lójoojúmọ́, lọ́jọ́ kan ojú rẹ̀ á là. Lílọ rẹ̀ fi ọkàn mi balẹ̀. Mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́," ó sì fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sán Sunday kan ní November ni wọ́n ṣí pátákó náà. Wọ́n to àga sójú títì níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gbé fọ́tò jáde, wọ́n gbé e sórí igi, pátákó idẹ wà lára ògiri, aṣọ funfun bò ó. Gbogbo ìlú ló wá. Nidia wá, nítorí pé èmi ni mo pè é, ó sì di bàbá rẹ̀ lápá mú. Bàbá Silvano wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ gan-gan. Ó jókòó sí ìlà kejì, ó gbé fìlà lé orúnkún.

Batlle sọ̀rọ̀. Yamil sọ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ká aṣọ kúrò nígbà tí ọkùnrin arúgbó kan dìde ní ẹ̀yìn. Ovidio tó ń gẹrun ni.

"Ẹ dákun, mo ní ìbéèrè," ó wí. "Ẹni inú fọ́tò yìí, ọwọ́ òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù."

Àwọn èèyàn yí ojú sí i.

"Ogún ọdún ni mo fi gẹ irun fún Wilfrid Hodge. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbé sìgá. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fa káàdì. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbá mi létí lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbá."

"Ovidio, jókòó, ojú ẹ ti di bàìbàì," ẹnìkan wí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ojú lè di bàìbàì. Òsì ò lè di ọ̀tún."

Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀. Ìlú bésíbọ́ọ̀lù ni ìlú wa. Kò sí ọmọ ọdún márùn-ún tí kò mọ̀ pé ọwọ́ tí èèyàn fi ń ju bọ́ọ̀lù kì í ṣe aṣọ tó lè pààrọ̀. Mo rí i bí gbogbo ojú ṣe lọ sí fọ́tò, tí wọ́n sì padà wá bá mi. Yamil náà wò mí.

"Ṣé ẹnìkan wà níbí tó wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn?" Yamil bèèrè.

"Silvano wà níbẹ̀," Ovidio wí. "Òun náà ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ bi í."

Bàbá Silvano dìde. Ó pẹ́ kó tó nà ró tán. Ó wo fọ́tò náà, ara rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógún. Lẹ́yìn náà, ó wò mí. Kò wò mí pẹ́.

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sódì ni," ó wí. "Àwọn onífọ́tò ìgbà yẹn, wọ́n máa ń dojú fíìmù délẹ̀. Òsì á di ọ̀tún, ọ̀tún á di òsì. Wilfrid ni. Mo wà níbẹ̀."

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ovidio gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n máà bínú. Batlle ká aṣọ kúrò, orúkọ bàbá mi sì ń dán nínú oòrùn: WILFRID HODGE. Mo ti ń lá àlá rẹ̀ láti kékeré.

Nidia nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń pín ọtí fáwọn èèyàn, ó rìn lọ síwájú fọ́tò. Ó sún mọ́ ọn débi tí èémí rẹ̀ fi hàn lára dígí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pè mí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Eneida, wá. Kí ni wọ́n kọ sáyà ẹ̀ níbí yìí? Kà á fún mi."

Lẹ́tà wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Apá rẹ̀ bo ìdajì. Lẹ́tà márùn-ún ló kù, wọ́n kéré, èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó rí wọn.

"Kà á."

"R," mo wí. "T. I. N. A."

"Ṣé wọ́n dorí kodò?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n kọ ẹ̀yìn síni?"

"Rárá."

"Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sódì, ṣé lẹ́tà inú ẹ̀ ò ní yí sódì ni?"

Ó yíjú wo bàbá rẹ̀ ní ìlà kejì. Bàbá náà fi ọwọ́ òsì gbé ife lọ sẹ́nu.

"O mọ̀," Nidia wí.

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi dúró."

"Mo mọ̀."

"Mo ní kí o bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ṣé o tiẹ̀ bá a sọ ọ́?"

Mo mi orí pé rárá. Ó wò mí bí ẹni ń wo ilé tó ti gbé rí, tí wọ́n ti wó. Ó lọ fa bàbá rẹ̀ dìde, wọ́n sì lọ sílé láì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Bàbá Silvano níbi tó ti ń tún bàtà ṣe. Mo kúnlẹ̀ sórí awọ tó já sílẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?"

"Dìde, ọmọ Wilfrid. Ìṣó wà nílẹ̀ yẹn." Ó gbé bàtà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ìka bàbá ẹ ṣẹ́ ní ìpele kẹta lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ó sọ ọ́ fún ẹ?"

"Wọn ò sọ ọ́."

"Ó dì í mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ó lóṣòó padà. Kò sí ẹlòmíràn tó lè gba bọ́ọ̀lù mi. Tó bá dìde ni, eré mi parí. Ìpele mẹ́fà ló fi ìka tó ṣẹ́ gbà á. Ká ní o wá bá mi, tí o ní, 'Bàbá Silvano, ẹ fún bàbá mi ní orúkọ yìí,' ǹ bá fún ẹ. N ò ní bi ẹ́ léèrè ìdí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Orúkọ mi, mo lè fi tọrẹ," ó wí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Nidia, tèmi kọ́. Ìyẹn, o jí i ni."

Mo ṣèlérí pé màá sọ òtítọ́ fún gbogbo ayé. Ó bèèrè ìgbà tí màá sọ ọ́. Mo ní kí àkókò eré parí, kí àlejò dínkù, kí ìtìjú náà má pọ̀ jù. Ó tún gbé bàtà.

"N ò ní yára kú," ó wí.

Àwàdà ló fi ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì nínú January, ó ń fetí sí eré lórí rédíò, ọkàn rẹ̀ dúró. Eré náà kò tíì dé ìpele karùn-ún.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín ni mo tó lọ bá Batlle. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmá, ẹni méjèèjì ló ti kú. Ta ni òtítọ́ yìí fẹ́ ràn lọ́wọ́?" Mo bọ́ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Mo lọ bá Yamil ní olú ìlú. Mo lọ sórí rédíò. Mo sọ ọ́ láìṣẹ́ ohunkóhun kù.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ló wá ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ òkú ti da orí mi rú. Àwọn kan ní Nidia ló rán mi. Yamil wo lẹ́tà àyà fọ́tò dáadáa, ó di orí mú.

"Mo gbà yín gbọ́, Màmá. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe bàbá yín. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa kọ orúkọ Silvano síbẹ̀? Níwájú gbogbo ìlú ló ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kì í ṣe òun."

Wọ́n tú pátákó idẹ náà. Wọ́n kọ ìlà kan sórí páálí kékeré, wọ́n fi sábẹ́ fọ́tò: *Ajubọ́ọ̀lù kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. A kò mọ orúkọ rẹ̀.*

Mo lọ bá Nidia. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá mi lóhùn. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ bá Yesenia ní Santiago.

"Mo ti sọ ọ́," mo wí.

"Mo gbọ́."

"Wọn ò gbà."

"Ta ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀?" ó wí. "Bàbá mi ti gbé e fún ẹ. Ẹni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹ ti lọ."

Kò ṣépè fún mi. Ì bá ṣépè. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì gbóhùn rẹ̀. Mo máa ń pe Yesenia ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, á sì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, èrò mi nígbà náà ni pé òtítọ́ kì í bàjẹ́, pé ìgbàkígbà tí mo bá mú un jáde, yóò ṣì wúlò. Ó ń bàjẹ́. Tí ẹni tó ni ín bá ti kú, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló kù lọ́wọ́ yín.

Silvano Mercedes tó ń fọ abọ́ ló ju bọ́ọ̀lù náà. N kò ní ògiri tí mo lè kọ ọ́ sí mọ́. Mo bẹ̀ yín, níbi tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ pe orúkọ náà síta fún mi.